Omi Mímọ́ Nínú Àgọ́ Tòmátì

Bàbá Ìdùnnú,

Ẹ ka ìwé yìí tán kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Gílóòbù tó ń ṣe bí oòrùn nínú àgọ́ tòmátì yín ti bẹ́.

Bí ẹ ṣe jáde lọ ra ajílẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀ ni màmá yín jí. Wọ́n ní ohun ọ̀gbìn tí kò rí oòrùn tó ń hù nínú yàrá, ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀. Kí n tó wọ bàtà tán, wọ́n ti bu omi mímọ́ wọ́n ọn. Gílóòbù gbóná, ó bẹ́ gbàù! Fúùsì já, fáànù inú àgọ́ náà sì kú.

Mo ti gbá àfọ́kù rẹ̀, àmọ́ ẹ má fẹsẹ̀ lásán wọbẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, n kò sì tíì dé ibi iṣẹ́ mi ní ọsibítù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn jà. Iṣẹ́ oko ni wọ́n fi tọ́ yín. Láti ìjẹta tí wọ́n ti Ìgèdè dé, fóònù lẹ̀ ń bi ní ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn, ẹ ò bi wọ́n ní ẹyọ kan.

Mo kàn sọ fún wọn pé ooru á pa tòmátì náà tí kò bá sí fáànù. Ni wọ́n bá gbé àpótí jókòó sẹ́nu àgọ́, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹ lọ gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Fọláwùnmí