Abẹ́rẹ́ Tó Mú Jù

                                        Ojúlé 18, Òpópónà Ayégbàmí,
                                        Lẹ́bàá Oko Ọba,
                                        Agége, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2000.

Tinúọlá, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé ara le, ṣé oyún ò yọ ọ́ lẹ́nu? Ẹsẹ̀ rẹ tó ń wú ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé orúnkún Màámi ti ń jẹ́ kí wọ́n rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Àwa náà wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bàbá Jọmílójú ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì n'Íkẹjà. Má bínú pé n kò tètè fèsì. Láti oṣù kẹsàn-án, ọsibítù ni mo fi ṣe ilé, ohun tí mo sì gbọ́ níbẹ̀ kàn ọ́. Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó kà á.

O rántí egbò òkè apá Jọmílójú tí mo fi hàn ọ́ nígbà tí o wá kí wa, ojú abẹ́rẹ́ ikọ́ ife tí wọ́n gún un lọ́sẹ̀ tí mo bí i. Gbogbo abiyamọ ló ń retí egbò kékeré yẹn. Tó bá ti yọ, a ní abẹ́rẹ́ ti mú. Mo fi tèmi yangàn. Àní Fàúsát tí a jọ ń gbélé sọ pé, "Ìyá Jọmí, tiyín mú o! Apá ọmọ tèmi dán bí ìgò." Mo rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́rin kọjá, egbò ò jinná. Kókó wú lábíyá rẹ̀, ó tó ẹyin àparò, ó sì bẹ́. Nígbà tí mo gbé e padà lọ síbi tí wọ́n ti gún un, nọ́ọ̀sì ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ fọkàn balẹ̀, ó mú dáadáa ni."

Ìgbà náà ni eéwo bẹ̀rẹ̀. Ti ọrùn ń san, ti ìdí ń yọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá wa dúró ní ọsibítù nítorí òtútù àyà. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dọ̀tí, wọ́n se àgbo títí ó fi sú wọn.

Lóṣù tó kọjá ni dókítà obìnrin kan bi mí pé, "Arákùnrin yín mélòó ló wà láyé?" Mo ní kò sí. Ọkùnrin méjì ni Màámi bí, Olúṣínà àti Job, wọ́n ti kú. Ó ní, "Kí ló ṣe wọ́n?" Olúṣínà ò tilẹ̀ pé ọdún kan. Ṣùgbọ́n Job, èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n, ìwọ ò lè rántí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Kókó tò sí ọrùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, ọyún rẹ̀ a sì máa ta sí ẹ̀yìn aṣọ mi. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni mo ń wo ọrùn Jọmílójú. Dókítà gbé bírò sílẹ̀.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ, wọ́n gba tèmi. Wọ́n da oògùn kan sí i tó yẹ kó sọ àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ di aláwọ̀ aró. Nínú ti Jọmílójú, ẹyọ kan ò yí padà. Nínú tèmi, àwọn kan yí, àwọn kan ò yí. Dókítà ní bí ti ìyá tó gbé àrùn náà fún ọmọ ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin mi ń gbé kòkòrò mì, wọn ò kàn rí i pa ni. Kòkòrò tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló sì wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Ọmọ mìíràn á ṣẹ́gun rẹ̀, tèmi ò lè ṣe é. Kò mú rárá, Tinúọlá. Ó ń jẹ ẹ́ ni.

Àwọn ọmọkùnrin ló sábà máa ń bá jà, àwa obìnrin la ń gbé e kiri láìmọ̀. Ìyá ọkọ mi ti ń sọ pé, "Ìdílé tiwa ò ní irú èyí o." Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì dùn mí. Ìgbà tí mo sọ fún Bàbá Jọmílójú, ó ní, "Ṣé ìwọ lo lọ rà á lọ́jà ni?" Ẹkún ni mo sun.

Jọmílójú ti ń lo oògùn Séptírìn lójoojúmọ́, eéwo kankan ò yọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ń wá ilé mìíràn, nítorí wọ́n ní eruku koríko gbígbẹ tí àwọn onímàálù ń kó kọjá níbí ò dáa fún un.

Ìyá kan ló bí wa. Bóyá o ní in, bóyá o ò ní in. Dókítà ní ọgbọọgba ni. Tó bá jẹ́ obìnrin lo bí, jẹ́ kí wọ́n gún un lọ́jọ́ náà gan-an, má fi ọ̀rọ̀ mi sá fún abẹ́rẹ́. Tó bá jẹ́ ọkùnrin, ti ikọ́ ife yẹn nìkan ni kí wọ́n dá dúró títí wọ́n á fi yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Orúkọ àrùn náà wà lórí bébà kékeré inú àpòòwé yìí. Dókítà ni kí o fi í hàn. Àwọn nọ́ọ̀sì á ní ìwé tí o kà ti pọ̀ jù; jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní oníwàhálà.

Má tíì sọ fún Màámi. Wọ́n ṣì gbà pé ọwọ́ ayé ló pa àwọn ọmọ wọn. Ojú wọn ni mo fẹ́ máa wò nígbà tí mo bá ń sọ ọ́, kí wọ́n má baà dá ara wọn lẹ́bi. Kí wọn fún mi, kí ọkọ rẹ náà. Mò ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kí o tó bímọ tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n gún Jọmílójú, ó jà fitafita, èmi ni mo dì í mú fún wọn. Ìwọ, di tìrẹ mọ́ra títí màá fi dé.

                                        Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í gbàgbé rẹ,
                                        Fúnmilọ́lá