Òrùlé Tuntun fún Elmire

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù kẹrin

Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn onínṣọ́ránsì. Òrùlé mi ti darúgbó, wọ́n ní. Kò bá òfin ìkọ́lé tuntun mu. Kí n ṣí i kúrò pátápátá, kí n kan òmíràn kí ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà tó pé — bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí oníkálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Tí mo bá sì kàn án tán, owó ọdọọdún á di ìlọ́po méjì. Wọ́n wá fi "A dúpẹ́ fún ìfọkàntán yín" parí ẹ̀. Ẹ wo ẹnu.

Òrùlé tí èmi àti bàbá mi fi ọwọ́ ara wa kàn! Ìjì ọdún méjì sẹ́yìn ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni ká ẹní. Tèmi ńkọ́? Páànù márùn-ún péré ló ṣí, mo sì gun òkè lọ kàn wọ́n padà nínú ìjì náà. Òun ni wọ́n ń pè ní arúgbó.

Mo tún se kọfí ẹni méjì láàárọ̀ yìí. Ọdún kan àti oṣù méje rèé tí Elmire ìyàwó mi ti wà lọ́dọ̀ Charlene ọmọ wa ní Houston. Ọwọ́ mi kò tíì gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹrin

Mo tún lẹ́tà náà kà. Inú kọ́kọ́ bí mi. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tí Elmire sọ lọ́jọ́ tó ń lọ sọ sí mi lọ́kàn. Ó ti kó ẹrù sínú ọkọ̀ Charlene tán, ó gbójú sókè wo ilé, ó ní, "Ferrel, mi ò lè sùn lábẹ́ òrùlé yẹn mọ́." Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá bá a jà.

Ó dáa. Òrùlé tuntun nígbà náà. Kì í ṣe nítorí àwọn onílẹ́tà o.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù kẹrin

Mo pe Elmire, Ẹyẹlé mi, lẹ́yìn Mísà. (Ẹyẹlé — inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá gbọ́, á ní kí n lọ fi omi tútù wẹ orí.) Ó béèrè igi ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ó béèrè bóyá edé ń wọ àwọ̀n. Mo ní mo fẹ́ pààrọ̀ òrùlé. Ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù kẹrin

Orúkọ mi jáde nínú kèké! Ìjọba ń fún àwọn onílé kan lówó ìrànwọ́ láti fi kan òrùlé tó bá òfin mu. Ènìyàn pọ̀ ju owó lọ, kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Mo sáré lọ bá Darla ní ọ́fíìsì — òun ló ń bá wa ta ìnṣọ́ránsì ní àdúgbò yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹnu-Oyin ni mo sọ ọ́. Lónìí, oyin ò sí lẹ́nu ẹ̀.

Ó ní, "Místà Ferrel, ìjọba ò lè fún yín lówó òrùlé àfi tí ìnṣọ́ránsì yín bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kan òrùlé náà tán."

Mo ní, ìgbà wo ni owó wọn máa jáde?

"Oṣù kẹjọ."

Ìnṣọ́ránsì ńkọ́, ìgbà wo ló máa parí?

"Oṣù kẹfà. Àfi tẹ́ ẹ bá ti kan òrùlé."

Mo ní, "Kí n lóye ẹ̀ dáadáa, Darla. Mi ò lè rí òrùlé láìní ìnṣọ́ránsì, mi ò lè rí ìnṣọ́ránsì láìní òrùlé?"

Ẹ̀rín pa á. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àfi bó ṣe dẹ́kun lójijì, tó ń fi ìka nu abẹ́ ojú. Ó ní, "Èmi tí mò ń tà á gan-an, Místà Ferrel, ilé mi ò ní ìnṣọ́ránsì. Agbára mi ò ká a mọ́."

Mo yọ̀ lọ síbẹ̀, mo káàánú bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù karùn-ún

Obìnrin aṣàyẹ̀wò òrùlé wá. Ọmọdé ni lójú mi, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó gun àkàbà bí ológbò. Ovide aládùúgbò mi gbé àga wá sí iwájú ilé ẹ̀ láti wòran — Tapólì ni mò ń pè é, torí tapólì búlúù tó fi bo òrùlé ẹ̀ láti ọjọ́ ìjì, kò ká a kúrò dòní.

Obìnrin náà ní ìṣó mi jìnnà síra. Ó ní kò sí irin ìdè láàárín igi òrùlé àti ògiri. Ó fa ìṣó kan yọ, ó fi hàn mí: "Ó dán, Místà Ferrel. Afẹ́fẹ́ á kàn fà á yọ bí eyín ọmọdé ni. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí ní òrùka yíká ara, ó máa ń di igi mú."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo bi í bóyá ó mọ ẹni tó kan ìṣó tó mú lọ́wọ́ yẹn.

Ó wò mí. Ó rọra fi ìṣó náà sí mi lọ́wọ́. "Ẹni tó kàn án mọṣẹ́, sà. Òfin ìgbà yẹn ló kéré."

Tapólì pariwo láti òdìkejì títì: "Obìnrin, tèmi ńkọ́? Ṣé tapólì mi bá òfin mu?"

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù kẹfà

Ìnṣọ́ránsì mi parí lónìí, owó ìrànwọ́ ìjọba sì bá a lọ. Ìgbà ìjì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọjọ́ kan náà.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kẹfà

Mo ta ọkọ̀ ojú omi mi.

Ọkùnrin kan láti òkè odò ló rà á. Ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ra ẹṣin. Nígbà tó wà á kọjá lábẹ́ afárá, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Tapólì ò jẹ́ kí n sinmi. "Ferrel, o ta ohun tó ń bọ́ ẹ, o fẹ́ fi ra ohun tó ń bò ẹ́. Òrùlé ń pa edé ni?"

Mo ní, "Ìwọ tó ò ní ìnṣọ́ránsì, kí lo gbójú lé?"

"Rósárì. Ìyá Màríà ò fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi rí pé mo ti darúgbó."

Mo fẹ́ sọ fún un pé nítorí Elmire ni. Mi ò sọ. Opó ọkùnrin ni. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Kò yẹ kí n máa fi ìyàwó tó wà láàyè yangàn níwájú ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù keje

Wilmer káfíńtà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Kó tó di ọ̀sán, òrùlé ti kúrò. Gbogbo ẹ̀. Ogójì ọdún, wákàtí márùn-ún.

Mo wọ yàrá wa. Mo dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, apá ọ̀dọ̀ tèmi. Ojú ọ̀run ni mo rí níbi tí àjà wà tẹ́lẹ̀. Ẹyẹ odò kan kọjá. Mo na ọwọ́ sí apá ọ̀dọ̀ tiẹ̀, oòrùn ti mú kí aṣọ gbóná — bí ẹni pé ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni. Mo wà níbẹ̀ títí Wilmer fi yọjú láti òkè pé, "Místà Ferrel, ṣé kò sí? Eruku á wọ̀ yín lójú o."

Nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán, mo bi í nípa ilé tiẹ̀. Ó ní ilé ìyá òun ní Honduras, páànù mẹ́jọ péré ló bò ó, méjì ń jò. Ọdún mọ́kànlá rèé tí òun ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn. "Mo ti bo ilé gbogbo ayé," ló wí, ó ń yọ egungun ẹja, "ó ku ti ìyá mi."

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù keje

Òjò. Iṣẹ́ dúró. Mo ṣí agbòjò jókòó ní pálọ̀ ara mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù keje

Ó parí. Irin ìdè ní gbogbo orí ògiri. Ìṣó olóòrùka. Páànù tó nípọn bí àwo. Obìnrin aṣàyẹ̀wò ní ìwé ẹ̀rí máa dé láàárín oṣù kan.

Mo pe Ẹyẹlé. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí bébà, mi ò rí i kà. Mo kàn ní, "Ó ti parí. Máa bọ̀."

Ó ní, "Màá wá wò ó."

Màá wá wò ó. Mo ti yí ọ̀rọ̀ yẹn sọ́tùn-ún sósì láti àárọ̀. Kò ní màá wá wò ó kí n padà. Kò sì ní màá wá dúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 oṣù kẹjọ

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti aago méje. Aago mọ́kànlá ni wọ́n dé. Charlene ló wa ọkọ̀. Ẹyẹlé ti gé irun ẹ̀. Mo ti se ọbẹ̀ gọ́mbò onílá àti edé, iyọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán.

Mo mú un yíká ilé. Mo fi irin ìdè hàn án, mo ń ṣàlàyé ìṣó olóòrùka bí ẹni pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ó ń mi orí. Nígbà tí a dé yàrá, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ferrel, ta ló sọ fún ẹ pé òrùlé ló ń bà mí lẹ́rù?"

Mo ní, "Ìwọ ni. Ìwọ lo ní o ò lè sùn lábẹ́ ẹ̀."

Ó ní, "Wákàtí méjì ni mo fi di okùn yẹn mú."

Mi ò kọ́kọ́ mọ okùn tó ń wí. Ìgbà tó yá, mo rántí. Lọ́jọ́ ìjì, mo so okùn mọ́ ìbàdí, mo gba fèrèsé jáde sórí òrùlé, mo ní kó di ìdí okùn mú. Èmi ń kan páànù. N kò ronú kan ẹni tó wà nísàlẹ̀ rí.

"Mi ò rí ẹ. Mi ò gbọ́ òòlù ẹ. Okùn yẹn nìkan ni mo fi mọ̀ pé o ṣì wà láyé. Tó bá dẹ̀, màá ní, ó ti kú. Tó bá tún fà, màá ní, ó ṣì wà. Wákàtí méjì, Ferrel! Nígbà tó o wọlé, ẹ̀rín lò ń rín. 'Páànù márùn-ún péré!' O ò tiẹ̀ wo ọwọ́ mi."

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ síwájú mi. Àpá kan gba àárín méjèèjì kọjá, ó ń dán. Ọdún méjì. Mi ò rí i rí.

Ó ní, "Wọ́n ní kí gbogbo wa kúrò lọ́jọ́ yẹn, o ní ọmọ ìdílé Guidroz kì í sá. Bí wọ́n bá tún ní kí a kúrò, ṣé wàá kúrò? Ṣèlérí ìyẹn fún mi, bó o bá tiẹ̀ fi ewé bo ilé yìí, màá sùn níbẹ̀."

Bàbá mi ò sá fún ìjì kankan títí ó fi kú. Kí n tó rí nǹkan sọ, ó ti dìde. Charlene fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní, "Dádì, ẹ ronú sí i." Wọ́n ti lọ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù kẹjọ

Mi ò lọ Mísà. Mi ò pè é. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù kẹjọ

Ìwé ẹ̀rí òrùlé dé. Darla ti rí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mìíràn tó máa gbà mí. Owó náà le bí ojú ẹja gbígbẹ, ṣùgbọ́n ó wà. Á bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù kẹjọ

Ìjì kan ti wọ inú òkun wa. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Mi ò ní kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé mi.

Darla pè. Ó ní, "Místà Ferrel, wọ́n ti ti ìwé. Bí ìjì bá ti wà nínú òkun, kò sẹ́ni tó máa ta ìnṣọ́ránsì fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Ajé yín ti fò lọ."

Ọjọ́ méjì ló kù. Mo ta ọkọ̀ ojú omi, mo kan òrùlé, mo gbàwé ẹ̀rí — ilé mi wà níhòòhò.

Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù kẹjọ

Wọ́n ti ní kí gbogbo àdúgbò kúrò.

Ká ní ìgbà kan ni, mo ti ń wá òòlù mi. Bí ilé bá wà láìní ìnṣọ́ránsì, ta ló yẹ kó dúró tì í bí kò ṣe onílé? Mo fi pákó dí àwọn fèrèsé. Mo dúró nínú àgbàlá, mo wo òrùlé náà lọ, mo wò ó bọ̀. Ó dára. Ọlọ́run mọ̀ pé ó dára. Mo gbé àpò mi sínú ọkọ̀.

Tapólì wà lórí àga ẹ̀. "Níbo lò ń lọ?"

"Houston."

"Ìwọ? Ọmọ Guidroz? Ẹ̀rù ìjì ń bà ẹ́?"

Mo ní, "Rárá. Ẹ̀rù Elmire ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà, ó wo ilé ẹ̀, ó wo tèmi. Ó wọlé. Ó gbé báàgì kan jáde, ó sì di rósárì mọ́ ọwọ́. "Ṣé àyè wà níwájú? Ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń mú èébì gbé mi."

Ọjọ́ Ajé, 25 oṣù kẹjọ, Houston

Ọ̀nà wákàtí márùn-ún, a lo mẹ́rìnlá. Mi ò tẹ̀ ẹ́ láago pé mò ń bọ̀. Ó ń bomi rin òdòdó níwájú ilé Charlene nígbà tí a dé. Ó rí ọkọ̀ mi. Ó rí mi. Omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀.

Mo gba ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì, mo ṣí i, mo wò ó. Mo bẹ̀ ẹ́. Mi ò ní kọ ohun tí mo sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 oṣù kẹjọ

Ìjì náà balẹ̀ láàárọ̀ yìí. Àdúgbò wa gan-an ni. Tẹlifíṣọ̀n ò fi nǹkan kan hàn ju omi lọ. Tapólì ń bú ẹni tó ń ka ìròyìn. Kò sẹ́ni tá a lè pè láti béèrè. Gbogbo wa la kúrò. Wọ́n ní ó di ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà.

Charlene gbé kọfí wá. Ó rọra béèrè, "Dádì, bí òrùlé yẹn bá ti lọ ńkọ́? Kò sí ìnṣọ́ránsì, kò sí ọkọ̀ ojú omi. Kí lẹ máa ṣe?"

Elmire ló dáhùn láti ìdí fèrèsé, kò tiẹ̀ yíjú padà. "A máa lọ kan òmíràn."

"A," ló wí.