Ìró Òfì Ìyá Mi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Orí mi fẹ́ dàrú. Ọjọ́ Àìkú ni ìsìn ìrántí Ìyá, mo sì fẹ́ kí ìró òfì tí wọ́n fi ń hunṣọ dún níbẹ̀. Ẹni tó yá mi ní ẹ̀rọ orin oníwáyà, èyí tí a ń ki wáyà bọ ihò rẹ̀ kó tó dún, tí mo fi ṣe ìró náà ti gbé e padà sí Ìlọrin kí n tó gba ìró náà sílẹ̀.

Mo ti fi àwòrán tí mo yà nípa ihò tí wáyà kọ̀ọ̀kan wọ̀ ránṣẹ́ sí Dúpẹ́ ní Mọ̀pà, tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mìíràn. Ó wá lónìí, ó ní:

"Okun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí n ki wáyà pupa bọ ihò kẹta. Kí ni ihò kẹta ń ṣe? Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀."

N kò rántí! Ihò ni mo yà, n kò kọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ Ìyá kò fi àwọ̀ òwú kọ́ mi ní aṣọ híhun rí; iṣẹ́ tí òwú kọ̀ọ̀kan ń ṣe ni wọ́n fi kọ́ mi. "Èyí tó ń gòkè, èyí tó ń sọ̀kalẹ̀," ni wọ́n máa ń wí.

Ìró òfì wọn ti lọ nìyẹn: mo tún pàdánù wọn lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ṣe é.