Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí Tọ́lá nípa ẹsẹ̀ mi

Ọjọ́bọ̀, Ayétòrò

Ẹsẹ̀ mi ti san. Èmi fúnra mi ni mo tukọ̀ lọ sọ́jà láàárọ̀, nígbà tí mo tukọ̀ padà dé, mo gba orí afárá pákó wọlé láìdi nǹkan kan mú.

Tọ́lá, ọmọ ọmọ mi tó wà ní Kánádà, tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè ẹsẹ̀ náà lórí fóònù. Òyìnbó nìkan ló gbọ́. Látìgbà tí mo ti yọ̀ ṣubú ló ti ń pè mí lójoojúmọ́. Tẹ́lẹ̀, ọdún tuntun nìkan ni mo máa ń gbóhùn rẹ̀.

Mo bi Tíṣà, ará Ọ̀yọ́ tó ń gbé nílé kejì, irú òyìnbó tí màá kọ.

“Màmá, tó bá ń san díẹ̀díẹ̀, ẹ kọ ‘improving’. Tó bá ti san tán, ‘recovered’ ni. Àmọ́ ẹ̀yin tí mo rí lórí omi láàárọ̀!”

A jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, mo kọ ‘improving’.

Kí ni kí n ṣe? Ta ní ń béèrè ẹsẹ̀ tó ti san?

Tọ́lá ní òun á pè lọ́la, ká jọ rójú ara wa, kóun wo ẹsẹ̀ náà.

Mo ti fọ báńdéèjì tí mo ti tú kúrò lẹ́sẹ̀, mo ti sá a. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ dáadáa, á ti gbẹ kó tó pè.