Iye Mọ́tò Asáré Tuntun Wa

Ìyá mi, ẹ kú àárò ọmọ. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ níléeṣẹ́ tí a ti ń ṣe mọ́tò. Èmi ni mo ṣírò iye tí a ó máa ta mọ́tò asáré tuntun wa, kí ọ̀dọ́ tí kò lówó rẹpẹtẹ lè rà á. Ọ̀gá ní ó ṣì wọ́n, ká lo bíréèkì olówó pọ́ọ́kú.

Mo ní, "Ẹ̀mí èèyàn ńkọ́, sà?"

Ó ní, "Ẹnu rẹ ti mú jù."

Láti ìgbà náà, wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì tèmi nìkan. Ó dákẹ́ rọ́rọ́, ẹnikẹ́ni kì í yà síbẹ̀. Láàárọ̀ yìí wọ́n kéde iye mọ́tò náà. Tiwọn kéré sí tèmi gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, kí àbúrò mi má rà á o. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ sì máa lo oògùn yín.