Kúlúsúmù Tó Wà Lórí Wáífáì Wa

Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá, 2025

Ó tún já lónìí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ mẹ́ta kan nílùú òyìnbó ní ìṣirò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ojú wọn dúró gbagidi lórí láptọ́ọ̀pù, èyí àbíkẹ́yìn yanu sílẹ̀. Kí n tó padà wọlé, ìyá wọn ti kó wọn lọ jẹun.

Olúdayọ̀ pè mí nírọ̀lẹ́ — òun ló ni ilé-ẹ̀kọ́ orí ayélujára tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, “Àǹtí Karimat, ẹ̀ẹ̀mẹfà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá di ogúnjọ́ oṣù tí kò tíì dáa, màá kó àwọn ọmọ yẹn fún ẹlòmíì.”

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. N ò lè purọ́ fún ìwé. Láti ọdún mẹ́rin tí mo ti wọ ilé yìí, òun ni ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Mo gbé bébà kalẹ̀. Mo fẹ́ ya gbogbo ohun tó so mọ́ wáífáì agbo ilé yìí: ta ló wà níbo, ta ló ń gba ọ̀dọ̀ ta kọjá.

Ráútà wà ní pálọ̀ àárín ilé. Mo pè é ní Ìyálé. Ó ní bátìrì tirẹ̀, kì í kú bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ agbo ilé wa, Bẹyẹrúnká, nípọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lè gbà á kọjá dé iwájú. Wọ́n wá ra àpótí funfun kékeré kan, wọ́n fi í sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Aránṣọ lójú títì, kó máa gbà lọ́wọ́ Ìyálé kó sì máa pín in fún àwọn ará iwájú. Ìyẹn ni Ìyàwó. Òun ò ní bátìrì. Iná lọ, òun náà lọ.

(Bàbá Aránṣọ: àbúrò ọkọ mi. Mo mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ọwọ́ mi kọ̀ láti kọ ọ́ síbí pàápàá.)

Mo ṣí áàpù ráútà. Láptọ́ọ̀pù mi. Fóònù mi. Ti Jamilah, ìyàwó Bàbá Aránṣọ. Ti ọkọ rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n pálọ̀. Lẹ́yìn náà, fóònù kan tó ń jẹ́ Kulusumu.

Ta ni Kúlúsúmù?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Mo bi Jamilah. Ó ronú títí, ó ní kò sí Kúlúsúmù kankan nílé yìí. Ìyàwó ilé bíi tèmi, ọdún méje ló ti wà níbí.

Kúlúsúmù kì í wọlé láàárọ̀. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ló ń dé, ní agogo mẹ́rin géérégé, tí kíláàsì mi ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń lo dátà bí ẹni ń bu omi.

N ò pe Abdulmumin láti bi í (nínú àwọn ọmọ ilé, orúkọ tirẹ̀ nìkan ni mo ń pè, òun ló ní kí n máa pè é). Ìlọrin ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Ta ló mọ obìnrin tó fún ní páswọ́ọ̀dù? Ṣé ẹ̀gbẹ́ ilé wa níbí ló fi í sí? N ò fẹ́ béèrè ohun tí n ò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo tì í síta. Ìka kan péré lórí áàpù, Kúlúsúmù ò lè wọlé mọ́.

Iná ò sí láti òwúrọ̀. Kíláàsì lọ geere láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Alihamudulilai.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Iná ò tíì dé. Kíláàsì dáa. Mo mọ iṣẹ́ mi o.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Abdulmumin wálé. Mo ń wo fóònù rẹ̀, mo ń wo ojú rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé mo fẹ́ ra òun ni. Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi ò rẹ́rìn-ín.

Òun ló sọ fún mi pé Ìyá Ìloro ò jẹun láti àná. Ìyá Ìloro ni àgbà obìnrin tó kù nílé yìí, opó ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi. Yàrá rẹ̀ wà lẹ́nu ìloro, ibi tí gbogbo wa ń gbà wọlé, orúkọ tí gbogbo ilé sì ń pè é nìyẹn. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà ní Jídà, ní Sáúdí. Òun àti Bàbá Aránṣọ jà lórí ilẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, kò pe ẹnikẹ́ni nílé yìí mọ́ àfi ìyá rẹ̀. Ará Jídà ni mo ń pè é.

Kò tíì pè láti Ọjọ́bọ̀.

Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Ìyá Ìloro jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti Àsárì dé Mọ̀ǹgàríbì, fóònù lórí itan rẹ̀, ó ń fi etí ìborùn nù ún. Ó ní, “Ọmọ mi kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kó tó pè mí. Nǹkan ti ṣe é. Ẹ má parọ́ fún mi.”

Mo kúnlẹ̀, mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn, mà. Mo bá a ṣe àdúrà. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Iná dé. Agogo mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, kíláàsì já.

Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí ogúnjọ́ pé. Mo sì ti ti Kúlúsúmù síta! Òun kọ́ nìyẹn.

Mo mú bébà mi, mo gbé láptọ́ọ̀pù dání, mo ń rìn kiri agbo ilé bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo orúkọ ohun tí láptọ́ọ̀pù mi so mọ́. Kì í ṣe Ìyálé. Ìyàwó ni. Yàrá mi sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù, láptọ́ọ̀pù sì ti fà mọ́ ìyẹn látọjọ́ yìí.

Mo sáré lọ síwájú. Ìyàwó wà lórí tábìlì, wọ́n ti yọ ọ́. Áyọ́ọ̀nù ló wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bàbá Aránṣọ ń lọ agbádá, ó ń kọrin. Ó ní, “Ìyàwó wa, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ló wà níbí. Agogo márùn-ún ni wọ́n ń wá kó aṣọ. Mi ò mọ̀ pé nǹkan funfun yẹn ń ṣe nǹkan kan.”

Bí iná bá wà, ó ń lọ aṣọ, kíláàsì mi ń já. Bí iná ò bá sí, Ìyàwó ti kú látàárọ̀, láptọ́ọ̀pù mi ń padà sọ́dọ̀ Ìyálé fúnra rẹ̀, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ọjọ́ tí mo ti Kúlúsúmù síta, iná ni kò sí. Òun ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Mo ní kí láptọ́ọ̀pù gbàgbé Ìyàwó pátápátá. Ṣùgbọ́n n ò ṣílẹ̀kùn fún Kúlúsúmù. Ta ló mọ̀ ọ́n?

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Iná wà. Áyọ́ọ̀nù ń ṣiṣẹ́. Kíláàsì ò já. Olúdayọ̀ kọ̀wé: “Ó ti dáa. Àwọn ọmọ ṣì jẹ́ tiyín.” Mo forí balẹ̀ lórí ẹní, mo dúpẹ́ títí ọrùn fi ń dùn mí.

Orí ẹní yẹn ni mo wà tí Ìyá Ìloro fi wọlé. Ó na fóònù rẹ̀, èyí tí kì í tàn àfi lẹ́yìn Àsárì, sí mi. Ó ní, “Ìyàwó mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹ̀rọ, ẹ bá mi wò ó. Bóyá òun ló kú, kì í ṣe ọmọ mi.”

Mo ṣí i. Kò so mọ́ nǹkan kan. Lókè pátápátá ni orúkọ tí ọmọ rẹ̀ fún fóònù náà wà. Kulusumu.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí obìnrin yìí láràárọ̀. N ò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo ṣílẹ̀kùn. Àtẹ̀jíṣẹ́ olóhùn mẹ́tàdínlógún já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà láti Jídà. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ohùn ọkùnrin náà ń gbọ̀n: “Màámi, tí mi ò bá gbọ́ yín lọ́la, màá gbàgbé ìjà, màá pe —” ó dárúkọ Bàbá Aránṣọ. Ìyá Ìloro gbá fóònù mọ́ àyà. Ara mi gbogbo fúyẹ́. Ojú sì tì mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìfura loògùn àgbà. Èmi ti lo oògùn náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún un lẹ́yìn ìrun Súbùhì. Mo tẹ́ bébà mi sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo fi ọwọ́ hàn án: Ìyálé rèé, Ìyàwó rèé, ibí ni mo ti tì yín síta. Mo sọ ti Abdulmumin pàápàá. Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Ó ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi òun pe àlè ẹnikẹ́ni.

Ó wá ní, “Orúkọ wo lo rí níbẹ̀?”

Mo ní n ò gbọdọ̀ pè é, mà.

Ó ní, “Ẹ̀yin ìyàwó ò gbọdọ̀ pè é. Àwọn ọmọ ò tó o pè. Àwọn tó tó o pè ti wọ ilẹ̀ lọ tán. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ọ. Pè mí, mo yọ̀ǹda.”

Mo wẹ̀yìn wò, kò sẹ́nì kankan. Mo rọra pè é. Kúlúsúmù.

Ìyá Ìloro di ojú rẹ̀. Ó jẹ́ mi bí ọmọbìnrin kékeré ṣe ń jẹ́ ìyá rẹ̀.

Ó ní, “Mà.”