Pọ́díkáàsì Àkọ́kọ́ Mi àti Ilé Ìyá Àsàmọ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá 2025

Kí n kọ ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀ ná.

Àná ni mo gbé pọ́díkáàsì àkọ́kọ́ mi, ètò ohùn orí fóònù lórí òwò, jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò Wáẹ̀kì. Ogún ìṣẹ́jú. Àlejò mi: Alhaji Ràsákì, oníṣòwò kajú. Ó dáa títí dé ìṣẹ́jú kẹrìnlá, tí Alhaji fi ní, "Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi Àsàmọ̀ ti kú, n kò tíì rí ẹni tí mo lè fi kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ lé lọ́wọ́."

Gbogbo Kàbà ló mọ̀ pé Àsàmọ̀ kú sí Ìkòyí lọ́dún tó kọjá. Gbogbo Kàbà, àfi ìyá tó bí i. A kì í túfọ̀ ọmọ fún arúgbó. Jùwáíríyà, ọmọ-ọmọ Ìyá tó wà ní kíláàsì mi, sì tan pọ́díkáàsì náà sílẹ̀ lórí fóònù nínú yàrá Ìyá, Ìyá sì gbọ́ ọ.

Ta ló mọ̀ pé wọ́n fi pa mọ́ fún un? Èmi kọ́, ará Mopa ni mí. Ràsákì mọ̀, ẹnu rẹ̀ ló yọ̀. Philip mọ̀! Philip tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, tí mo ń pè ní Ohùn Mẹ́fà — kò sí ẹni tí kò lè sín ohùn rẹ̀ jẹ, títí kan ọ̀gá àgbà. Torí pé ó jẹ́ ọmọ Kàbà ni mo ṣe ní kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Èsì rẹ̀: "Ó ti dáa, Àǹtí Lois. Ẹ gbé e síta."

Mo ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 2

Philip kò gbé fóònù. Ìpè mọ́kànlá.

Ọjọ́ Ajé, 3

Alhaji wá sí yàrá olùkọ́. Mo ti múra de èébú. Kò bú mi. Ó ní Ìyá kò sunkún, kò mu ju kókó ògì lọ, èmi nìkan ló fẹ́ rí. Mo ní kí la wá ń dúró dè? Ó ní, "Rọra o, Tíṣà. Ilé ọ̀fọ̀ kì í ṣe ọ́fíìsì." Ó di ọ̀la.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo dé ilé Ìyá lónìí.

Mo kúnlẹ̀, mo kí i bí a ṣe ń kí ní ilẹ̀ wa: "Okun o, Ìyá." Mo ti kọ́ ẹ̀bẹ̀ sórí. Kò gbà kí n bẹ̀rẹ̀. Ó lé gbogbo èèyàn síta.

"Ìwọ tó o mọ̀ nípa ẹ̀rọ," ló wí, "ṣé òkú a máa pe fóònù?"

Mo ní rárá, Mà.

"Ta wá ló ń pè mí ní gbogbo Jímọ̀? Ohùn Àsàmọ̀ ni. Ó ń wúkọ́ bí Àsàmọ̀. Mo ń ṣàdúà pé kó sin mí. Ó ń ṣe àmín."

Odidi ọdún kan!

Níta, mo bi Alhaji: ta ló ń pè é? Ó wolẹ̀. "Ìyá ti fẹ́ lọ wò ó ní Ìkòyí. Kí la ò bá ṣe?" Lẹ́yìn náà ló dárúkọ Philip.

Ọjọ́rú, 5

Mo ká Philip mọ́ ẹ̀yìn láàbù ilé-ìwé. Mo bi í: ṣé o gbọ́ ìṣẹ́jú kẹrìnlá?

"Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Mo ti rò pé ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kó gbọ́ ọ tán. Ọ̀lẹ ì bá sàn!

Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Alhaji bẹ òun pé kí òun fi ohùn Àsàmọ̀ pe Ìyá. Ìyá ní kó tún pè ní Jímọ̀ kejì. Bó ṣe di ti ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Ó ní, "Àǹtí, àmín yẹn ló sú mi. N kò ní ẹnu tí mo lè fi sọ òótọ́ fún un. Mo jẹ́ kí pọ́díkáàsì yín sọ ọ́."

Mo wá èébú tó tó o tì. Mo padà sí kíláàsì.

Ọjọ́bọ̀, 6

Iṣẹ́ tí Ìyá fi rán Jùwáíríyà sí mi: "Ẹni tó ń ṣe àmín, òun ni mo fẹ́ rí. N kò ní lù ú."

Alhaji ní ká ní sùúrù. Philip ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wo? Mo fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì, mo sì dà á kọ síbí kí n má baà yẹ̀ ẹ́:

"Philip, ọ̀la Jímọ̀, aago mọ́kànlá, kí wọ́n tó lọ kírun, kí o wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àsàmọ̀. Ohùn tìrẹ ni kí o fi kí i. Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí aago mọ́kànlá bá kọjá tí n kò rí yín, èmi ni màá dárúkọ ẹ̀yin méjèèjì fún un."